Kọnkéré Tí Dádì Fi Yí Ilé Ká

Yàrá ìsàlẹ̀ tó kọjú sí títì ni mo ń sùn nígbà tí mo dé Dagenham ní ìlú òyìnbó, nínú ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Mọ́mì ni mo ń pè wọ́n, ọkọ wọn sì ni Dádì. Bíríkìlà ni Dádì ní Ìjẹ̀bú kí wọ́n tó wá di awakọ̀ bọ́ọ̀sì níbí, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Bí a bá jọ ń lọ sí Heathway láti ra iṣu, wọ́n á dúró níwájú ilé onílé, wọ́n á wo ògiri, wọ́n á mi orí. "Ẹni tó to bíríkì yìí, ebi ló ń pa á."

Ọdún tí mo dé gan-an ni wọ́n po kọnkéré yí ìdí ilé ká. Bí a ṣe ń ṣe é nílé ní Ìjẹ̀bú nìyẹn: kí omi òrùlé má baà gbẹ́ ìpìlẹ̀ jáde, a ó fi sìmẹ́ǹtì ṣe ìgbátí sí ìdí ògiri. Dádì ṣe tiwọn nípọn, wọ́n ṣe é ga, wọ́n sì rẹ́ ẹ títí ó fi ń dán bí àwo. Ìyókù sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi dí àwọn ihò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ògiri. Wọ́n ní eku àti òtútù ni àwọn òyìnbó ń ṣí i sílẹ̀ fún. Èmi ni mo ń bá wọn gbé omi.

Nígbà tó di ìgbà ìrúwé ọdún kejì, tí òjò kò dáwọ́ dúró, yàrá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí àpò tí a ká ní tútù. Bébà ara ògiri ṣí láti ìsàlẹ̀. Mo fa kọ́bọ́ọ̀dù kúrò, mo bá ebu dúdú lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti ràn mọ́ sùtánà funfun mi. Mọ́mì gbé e sókè wò.

"Ṣọ́ọ̀ṣì wo lo fẹ́ wọ èyí lọ? Wọ́n á ní o ti dá ìjọ tìrẹ sílẹ̀."

Kì í ṣe ti sùtánà ló ń dùn mí. Ìyá mi ń bọ̀ ní oṣù Karùn-ún. A kò tíì ríra láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Wọ́n ní ikọ́ fée, bí ọ̀rinrin bá sì wà nínú yàrá, mímí á di iṣẹ́ fún wọn. Yàrá mi nìkan ni wọ́n lè sùn sí, nítorí orúnkún wọn kò gba àtẹ̀gùn mọ́. Mọ́mì kò fi bò fún mi: bí yàrá náà kò bá gbẹ, ilé ìyá ìjọ wa kan ní Longbridge ni ìyá mi máa dé sí. Èmi á wá máa wọ bọ́ọ̀sì lọ kí ìyá tó bí mi.

Mọ́mì wọ́n omi àdúrà sí ògiri láàárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Dádì ń wò wọ́n láti orí àga.

"Ògiri tó ti mu omi yó, omi lo tún ń fún un."

"Ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ dìde kí ẹ ṣe tiyín."

Dádì dìde lóòótọ́. Wọ́n tún po sìmẹ́ǹtì lé ti àkọ́kọ́ lórí. Kò pẹ́ tí pákó ilẹ̀ yàrá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀.

Èmi ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ni mo ń ṣe ní àwọn ilé tí wọ́n ń tún kọ́. Nínú ọ̀kan ní Barking, mo rí i tí wọ́n ń fọ́ kọnkéré kúrò nídìí ògiri, mo sì fi ìtìjú béèrè ìdí rẹ̀. Ọkùnrin tó ń fọ́ ọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìlà tín-ín-rín kan hàn mí láàárín àwọn bíríkì ìsàlẹ̀, dúdú bí ọ̀dà. Ó ní ìlà náà ló ń dá omi ilẹ̀ dúró kó má gun ògiri, pé ilẹ̀ ìta gbọ́dọ̀ fi bíríkì méjì rẹlẹ̀ sí i. Àwọn ihò náà ni atẹ́gùn ń gbà wọ abẹ́ pákó, kó lè gbẹ. Kọnkéré Dádì ti ga ju ìlà tiwa lọ. Afárá ló ṣe fún omi.

Ta ni yóò wá sọ fún wọn? Ṣé èmi tí n kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, tí mo ń jẹun nínú ilé wọn? Lẹ́ẹ̀kíní, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Dádì." Wọ́n ní, "Hẹn?" Mo ní ṣé kí n gbé tíì wá. Lẹ́ẹ̀kejì, tíì náà ni mo tún gbé wá.

Mọ́mì ní, "Ọmọ yìí fẹ́ fi tíì pa yín."

Lọ́jọ́ Sátidé kan tí òjò dá, Dádì jáde lọ wo ògiri, mo sì tẹ̀ lé wọn.

"Dádì, ẹ dákun, mo fẹ́ kọ́ nǹkan lọ́wọ́ yín. Ilé wa àti ilé kejì yìí, ṣé àwọn kan náà ló kọ́ wọn?"

"Àwọn kan náà ni. Ṣé o ò rí i pé wọ́n so mọ́ra ni?"

"Kí ló dé tí ìdí tiwọn gbẹ, tí tiwa tutù?"

Dádì yíjú sí ilé kejì. Wọ́n wo ìdí ògiri aládùúgbò wa: ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀, ihò rẹ̀ là sílẹ̀, ìlà dúdú náà hàn kedere. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo tiwa. Bàtà mi ni èmi ń wò.

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà."

"Irọ́ ni. Ìbéèrè tó mú báyìí, ẹnì kan ló bá ọ pọ́n ọn."

Mo wá sọ gbogbo ohun tí mo rí ní Barking. Dádì wọlé lọ. Mo rò pé ẹrù mi ni wọ́n fẹ́ kó síta. Ìgbà tí wọ́n jáde, dígà ló wà lọ́wọ́ wọn. Mọ́mì yọjú lójú fèrèsé.

"Ẹ̀yin bíríkìlà, kí lẹ tún fẹ́ kọ́?"

"Mo fẹ́ tún iṣẹ́ ẹnì kan ṣe."

"Iṣẹ́ ta ni?"

"Ẹnì kan tí kò gbọ́n tó mi."

Sátidé mẹ́ta ni Dádì fi fọ́ ọ, èmi ni mo ń kó àfọ́kù. Wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí ògiri, wọ́n pààrọ̀ pákó méjì, wọ́n la gbogbo ihò. Wáyà alásẹ́ ni wọ́n fi bo ẹnu wọn, nítorí pé ní ti ọ̀rọ̀ eku, wọn kò gbà pé àwọn ṣì í.

Nígbà tí ìyá mi dé, òórùn ti lọ, ṣùgbọ́n ògiri ṣì ní àmì omi kan tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Mo bẹ Mọ́mì pé kí wọ́n má tíì dá ìyá Longbridge lóhùn, kí ìyá mi kọ́kọ́ sun yàrá náà lóru kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé etí lé ilẹ̀kùn yàrá náà kí n tó kàn án. Ìyá mi ló ṣí i fúnra wọn. Àyà wọn ni mo kọ́kọ́ wò.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ ń mí dáadáa?"

"Mò ń mí. Oorun ni n kò rí sùn. Ta ló ń hanrun lókè orí mi bí ẹ̀rọ ìlọta?"

Dádì ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì àtẹ̀gùn. Wọ́n rọra yí padà, wọ́n gun òkè lọ.