Abọ́ Yèyé àti Tábìlì Tó Ń Yí

Òórùn ike tuntun ni mo fi ń rántí òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Bàbá wa ti Àkúrẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó gbé páálí kan sórí tábìlì, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Ìkàrẹ́, tí ọyẹ́ ṣì bo orí àwọn òkè, ó fi ọ̀bẹ ya páálí náà bí ẹni tó ń ṣí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun. Àwo pẹlẹbẹ márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú ṣíbí márùn-ún àti fọ́ọ̀kì márùn-ún. Òórùn wọn gba gbogbo pálọ̀, ó borí òórùn àkàrà tí Mọ́mì ń dín lọ́wọ́.

“Láti òní lọ,” ni Bàbá wí, “olúkúlùkù ni yóò máa jẹun nínú àwo tirẹ̀. Àwo tèmi, àwo tìrẹ. Ohun tó ń jẹ́ ọ̀làjú nìyẹn.”

Bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè másítà ni. Tíṣà ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú wa, ọ̀pọ̀ òpin ọ̀sẹ̀ ló sì fi lọ sí yunifásítì kí ó tó gbà á. Ká sọ òótọ́, ó ṣiṣẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n oyè náà kò dúró sórí ìwé ẹ̀rí. Bàbá kọ ọ́ tẹ̀lé orúkọ rẹ̀ lára ìlẹ̀kùn, ó kọ ọ́ sára agboòrùn, ó tún kọ ọ́ sára garawa tí a fi ń pọn omi, kí aládùúgbò má baà ṣèèṣì gbé garawa ẹni tó kàwé lọ.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ àwo yìí kọ́kọ́ kàn ni Yèyé, ìyá tó bí Bàbá. Lẹ́yìn tí bàbá àgbà kú ni wọ́n mú un kúrò nílé rẹ̀ lórí òkè ní Ọ̀kà, tó wá ń gbé lọ́dọ̀ wa. Nínú ẹrù tó kó wá, abọ́ tánganran ńlá kan wà, funfun, tí etí rẹ̀ jẹ́ búlúù, tí òdòdó pupa kan sì wà nísàlẹ̀ inú rẹ̀. Inú abọ́ yìí ni èmi àti Tọ́pẹ́ àbúrò mi ti ń bá a jẹ iyán. A ó jókòó yí i ká lórí ẹní, Yèyé yóò máa sọ̀rọ̀, àwa yóò máa bu òkèlè. A kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹja. Òun ni yóò yọ egungun rẹ̀ níkẹyìn, tí yóò sì fi ẹja náà sí iwájú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí òdòdó pupa bá ti yọjú, a mọ̀ pé oúnjẹ ti tán, pé ìtàn ló kù. Èmi ni mo máa ń fọ abọ́ náà, mo sì mọ àwọn àmì kan tó wà ní ìdí rẹ̀, tó dà bí ilé kéékèèké tí ìjì wó. Kò sí ẹni tó lè kà wọ́n nínú ilé wa, títí kan ẹni tó ní másítà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwo tuntun dé ni Bàbá gbé abọ́ náà lọ sẹ́yìnkùlé. Ó di abọ́ omi adìyẹ.

Yèyé kò jà. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó di fọ́ọ̀kì mú bí ẹni tí wọ́n ní kó bá wọn mú un dání díẹ̀. Ó ń jẹun bí àlejò: bíńtín, pẹ̀lú “ẹ ṣeun.” Kò sí ìtàn mọ́, nítorí Bàbá ní àwọn tó lajú kì í sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bùbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù fún un. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tó ń sọ fún Mọ́mì nílé ìdáná pé, “Bí oṣù yìí bá parí, n óò padà sí Ọ̀kà. N kò bínú sí ẹnikẹ́ni o, ìyàwó mi. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé n óò máa dá jẹun, mo kúkú ní ilé tèmi.”

Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Bàbá, pẹ̀lú ẹkún. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́. Mo rò pé yóò lọ bẹ ìyá rẹ̀. Ó ní, “Màmá kò tíì fojú ara wọn rí ọ̀làjú ni.” Bó ṣe di pé a fẹ́ lọ jẹun nílé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà ní Àkúrẹ́ nìyẹn. Bàbá ti jẹun níbẹ̀ rí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́jọ́ tó lọ gba èsì ìdánwò. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ̀rọ̀ Ṣáínà bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.

“Àwọn wọ̀nyẹn ti ń kọ̀wé kí ẹlòmíràn tó mọ lẹ́ẹ̀dì,” ó wí fún Yèyé. “Ẹ jẹ́ ká lọ wò wọ́n.”

Yèyé bi í ní ìbéèrè kan péré: “Ṣé àwọn náà kì í jẹun pọ̀?”

“Kí ni, Màmá? Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹun pọ̀ nínú abọ́ kan, èmi Akin ni n óò gbé abọ́ yín kúrò níwájú adìyẹ, èmi fúnra mi ni n óò sì fọ̀ ọ́.”

“Mo gbọ́,” ni Yèyé wí. “Ìyàwó mi, ṣé ìwọ náà gbọ́?”

“Mo gbọ́, mà,” ni Mọ́mì dáhùn, láìgbé ojú sókè.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni Bàbá fi kọ́ wa bí a ṣe ń fi igi méjì jẹun. Pẹ́ńsù la lò, ẹ̀pà la sì ń fi í mú. Ẹ̀pà tó bọ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà tó láti sè fún àlejò. Yèyé jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń ṣa ti ilẹ̀ jẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé a wọ ọkọ̀. Nígbà tí a ń gba Ọ̀kà kọjá, Yèyé yíjú sí òkè níbi tí ilé rẹ̀ wà, ó sì wò ó títí a fi kọjá. Mo di etí ìró rẹ̀ mú, n kò sì fi í sílẹ̀ títí a fi dé Ọ̀wọ̀.

Ilé oúnjẹ náà tutù bí òwúrọ̀ ọyẹ́. Fìtílà pupa ni wọ́n so kọ́ sókè, ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ nínú gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn. Lára ògiri, wọ́n kọ nǹkan gàdàgbà gàdàgbà, mo sì kígbe kí n tó ronú: “Yèyé! Àmì ìdí abọ́ wa rè é!”

“Má pariwo,” ni Bàbá wí.

Yèyé wo ògiri náà dáadáa. “Òun náà ni,” ó wí, ó sì jókòó bí ẹni tó dé ilé ẹbí rẹ̀.

Ọmọbìnrin tó wá dá wa lóhùn wọ aṣọ pupa tí wọ́n ya dírágónì sí, ṣùgbọ́n bó ṣe kúnlẹ̀ kí Yèyé kì í ṣe ti Ṣáínà rárá.

“Ọmọ ibo ni ọ́?” ni Yèyé bi í.

“Ẹ̀pinmì ni mí, mà.”

Yèyé fi èdè Ẹ̀pinmì kí i. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń lọ ra iṣu níbẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa rí pé òun gbọ́ èdè wọn. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ìwé oúnjẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá wúkọ́, ó gba ìwé náà, ó sì ń nàka sí oúnjẹ bí ẹni tó ń máàkì iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Ìgbà tí oúnjẹ dé ni nǹkan yí padà. Orí tábìlì wa, gíláàsì roboto kan wà láàárín tó ń yí. Orí rẹ̀ ni ọmọbìnrin náà to gbogbo rẹ̀ sí: odindi ẹja tí wọ́n rọ ọbẹ̀ pupa lé, ìrẹsì, núdùùsì tó gùn bí òwú, nǹkan funfun kan tó dà bí wàrà, ewébẹ̀ pẹ̀lú ohun dúdú kan tó ń yọ̀. Abọ́ kékeré, tí kò ju ife lọ, ló gbé síwájú ẹnìkọ̀ọ̀kan wa.

“Àwo wa dà?” ni Bàbá bi í. “Ẹ bá wa bù ú sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.”

“Àárín la máa ń gbé e sí, sà. Ẹ ó jọ jẹ ẹ́ ni.”

“Rárá o. Ìgbà tí mo wá, àwo tèmi ni wọ́n gbé fún mi.”

“Bóyá ẹ̀yin nìkan lẹ wá lọ́jọ́ yẹn, sà.”

Nígbà náà ni Tọ́pẹ́ fi ìgúnpá gún mi. Ní tábìlì kejì, àwọn tó ni ilé oúnjẹ náà ń jẹ ọ̀sán tiwọn: ọkùnrin kan, ìyàwó rẹ̀, ọmọ méjì, àti ìyá arúgbó kan tí irun rẹ̀ funfun bíi ti Yèyé. Gbogbo wọn ló na ọwọ́ sí abọ́ àárín. Ariwo ọ̀rọ̀ wọn pọ̀ ju tiwa ní Ìkàrẹ́ lọ. Ìyá arúgbó náà mú ẹja, ó yọ egungun rẹ̀, ó sì fi í síwájú ọmọ tó kéré jù.

Yèyé rí i. Bàbá náà rí i.

“Èyí yàtọ̀,” ni Bàbá wí níkẹyìn. “Àṣà tiwọn ní...”

“Ó yàtọ̀ báwo?” ni Yèyé bi í. “Àbí torí pé tiwọn ń yí?”

Mọ́mì bú sẹ́rìn-ín. N kò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí àwo aláwọ̀ ewé ti dé. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ń sọ pé, “Ẹ má bínú, Bàbá Bísọ́lá, ẹ má bínú,” ó sì tún ń rín in lọ.

Yèyé ká apá bùbá rẹ̀ sókè, ó fọwọ́ ti gíláàsì náà, gbogbo oúnjẹ sì wá bá a. Ó tọ́ ohun dúdú náà wò: “Olú rè é. Ìdí ọ̀pẹ la ti ń ká a.” Ó fi ìka kan tọ́ omi dúdú inú ìgò kékeré lá, ó pa ojú dé: “Irú ni. Wọ́n kàn yọ́ ọ ni.” Ohun funfun tó dà bí wàrà nìkan ni kò rí orúkọ fún, ó sì jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó lè dá a lójú pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ó ń jẹ, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń yí tábìlì. Tọ́pẹ́ fa núdùùsì kan sẹ́nu tí kò lópin. Ata inú ẹja náà dùn bí oyin, ìyẹn sì yà mí lẹ́nu ju fìtílà pupa lọ.

Bàbá nìkan ló ṣì ń fi igi méjì lé ẹran kan ká. Ó lé e, ẹran sá. Ó tún lé e. Yèyé wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ ya ẹja, ó yọ egungun rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, ó sì nawọ́ gbé e sínú abọ́ kékeré iwájú ọmọ rẹ̀.

“Akin, gbà, jẹun. Àárọ̀ lo ti ń sáré.”

Bàbá wo ẹja náà. Ó fi igi méjèèjì sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ jẹ ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ ariwo adìyẹ lẹ́yìnkùlé. Ẹni tó ní másítà ló lóṣòó síbẹ̀ nínú ṣòkòtò pẹnpẹ, ó ń fi eérú àti kàn-ìn-kàn-ìn ha ìdí abọ́ tánganran. Yèyé jókòó sórí àpótí lókè orí rẹ̀. “Ó kù níbẹ̀ yẹn,” ó ń wí. “Ìwọ mà kàwé, o kò rí i ni?” Oṣù náà parí, Yèyé kò lọ síbì kankan. Bàbá fúnra rẹ̀ ló tẹ́ ẹní, ó sì jókòó lé e. A ní láti máa sáré jẹun, nítorí òkèlè rẹ̀ tóbi.

Èmi náà ti wá kàwé ju Bàbá lọ báyìí, mo sì ti kọ oyè tèmi sára ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì mi. Èmi ni mo jogún abọ́ náà. Mo gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀ mi, mo tan iná kékeré sí i, mo sì ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àlejò pé iṣẹ́ ọnà ni. Lábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ mi ń jẹun, olúkúlùkù pẹ̀lú àwo tirẹ̀ àti fóònù tirẹ̀. Ọmọ tó sunkún nítorí abọ́ nígbà náà gbọ́n ju obìnrin tó ń tan iná sí i lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá ògiri lófìfo. Àwo inú ilé ló dọ̀tí tán, ni ọmọbìnrin mi bá gun àga, ó gbé abọ́ náà sọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó sì da núdùùsì sínú rẹ̀. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó yí i ká nílẹ̀, wọ́n ń jà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo la ẹnu láti pariwo. Mo wá rí etí òdòdó pupa tó ń yọ bọ̀ lábẹ́ oúnjẹ.

“Ẹ sún,” mo wí fún wọn, mo sì sáré lọ fọ ọwọ́ mi kí ó tó tán.