Oògùn Màámi Tó Tán Ṣáájú Ọjọ́

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lóṣù tó kọjá fún yín, bóyá àyà mi á lè balẹ̀ díẹ̀.

Iléṣà ni Màámi ń gbé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ló ń kú díẹ̀díẹ̀ nínú ọpọlọ wọn. Ó ní oògùn tóun kọ ò ní jẹ́ kí èròjà inú ara kan tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù máa ba omi ara táwọn tó kù fi ń ṣiṣẹ́ jẹ́, pé wọ́n ṣì ń wádìí bóyá ó tiẹ̀ lè gba àwọn sẹ́ẹ̀lì náà lọ́wọ́ ikú. Ó wá kìlọ̀ gidi: ó lè bá oògùn mìíràn jà nínú ara!

Kí ni mo sọ fún Màámi nígbà tí mo gbé ti oṣù méjì dé? Mo ní oògùn ọwọ́ gbígbọ̀n nìyí, ẹyọ kan láràárọ̀. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń kánjú padà sí Òṣogbo.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, mo pè wọ́n láti ọ́fíìsì wa ní Òkè-Fìà. Wọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ náà ni oògùn tán. Tán kẹ̀? Ṣé méjì-méjì ni wọ́n ń lò ni? Kí n tó béèrè, fóònù wọn ti kú. Mo pè, mo pè, kò lọ.

Mo tọrọ àyè, ó di ibùdókọ̀ Old Garage. Mọ́tò ò kún! Èrò méjì ló kù, dírẹ́bà ń jẹ búrẹ́dì ní tiẹ̀. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó, títí obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi fi bi mí bóyá ìjàlọ ló wọ̀ mí láṣọ.

Mo bá Màámi nílé, wọ́n fi ìborùn bo ọwọ́ náà. Wọn ò lo oògùn jù o! Ńṣe ni wọ́n pín in sí méjì pẹ̀lú Ìyá Dúró, ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n ṣe máa ń pín omi àdúrà.

"Ọwọ́ tèmi ń gbọ̀n, ọwọ́ tiẹ̀ náà ń gbọ̀n. Ṣé kí n wá nìkan jẹ ẹ́ ni?"

Orí mi wú. Láti ìgbà tí ọkọ Ìyá Dúró ti kú ni dókítà ti ń fún wọn ní oògùn ìbànújẹ́ ọkàn, oògùn méjèèjì sì lè máa jà nínú ara wọn! A sáré débẹ̀. Òógùn ti bo Ìyá Dúró, àyà wọn ń lù kìkì, wọ́n rò pé ibà ni. A gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọjọ́ kẹta ni wọ́n dá wọn sílẹ̀.

Àmọ́ nígbà tí dókítà ibẹ̀ béèrè ẹni tó fún wọn lóògùn, Màámi nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Mi ò lè wò ó. Èmi gan-an ló yẹ kí n nawọ́.

Ẹ má kàn gbé oògùn fún àgbàlagbà kí ẹ máa sáré lọ, ẹ jókòó ṣàlàyé ẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ gbàgbé láti sọ fún ìyá yín rí?