Àádọ́ta Ọ̀kẹ́ Ó Dín Ẹyọ Kan

Mo rántí bí àtẹ́lẹwọ́ mi ṣe bó ní ọdún tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Mo ti kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ títí ó fi sú mi, mo sì padà sí oko Baba mi lápá Alábàtà, mò ń kọ ebè. Èmi tí mo gboyè nínú ìṣirò kò lè kọ igba ebè lójúmọ́. Baba á wò mí, á ní, "Akọ̀wé, rọra o, ilẹ̀ kì í ṣe bébà."

Ohun tó dùn mí jù ni ti àbúrò mi obìnrin. Ó ti ka ìwé mẹ́fà. Baba ní ó tó. "Ẹni tó kàwé jù nílé yìí ló ń bá mi kọ ebè. Kí ni kí n tún rán èkejì lọ ṣe?" Òótọ́ sì ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi, Baba àti àbúrò mi jókòó sábẹ́ igi ìsin, mo fi igi kọ 142857 sílẹ̀. Ìlọ́po rẹ̀ méjì jẹ́ 285714. Ìlọ́po mẹ́ta, 428571. Nọ́ńbà mẹ́fà kan náà ni, wọ́n kàn ń yípo bí ẹni tó wà nínú agbo ijó. Mo rò pé ìyanu yìí á bá mi bẹ Baba nítorí àbúrò mi. Mo gbàgbé pé kò mọ nọ́ńbà kà nílẹ̀. Orí ló fi ń ka ebè, ní igba-igba.

"Pè é kí n gbọ́."

"Ọ̀kẹ́ méje, ẹgbẹ̀rìnlá ó lé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta." Mo pe ìlọ́po méjì rẹ̀ pẹ̀lú.

"Èwo ló wá yípo níbẹ̀?"

Kò sí. Nínú oǹkà tirẹ̀, kò sí ohun tó yípo; inú ìwé ni ìyanu mi wà. Ó rẹ̀ mí. Mo fẹ́ fẹsẹ̀ pa á rẹ́, àbúrò mi di ẹsẹ̀ mi mú. Ó ti ṣe é dé ìlọ́po méje lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

"Bùọ̀dá, wọn ò jáde nínú agbo o! Àfi ti méje."

Baba ti di ojú. "Ọ̀kẹ́ méje lọ́nà méje, ọ̀kẹ́ mọ́kàndínláàádọ́ta. Ìyókù lọ́nà méje..." Ètè rẹ̀ ń mì. "Ọ̀kẹ́ kan ó dín ẹyọ kan. Gbogbo rẹ̀, àádọ́ta ọ̀kẹ́ ó dín ẹyọ kan!" Ó lajú. "Ta ló mú ẹyọ kan yẹn?"

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Bébà ni èmi ì bá wá fún ìṣirò yẹn. Kí n tó ronú èsì, ó ti kọjú sí àbúrò mi. "Ìwọ ńkọ́?"

"Wọn ò tíì kọ́ wa débẹ̀, Baba."

Baba kó ọkọ́ nílẹ̀. Ó wá ní, "Kó lọ bi wọ́n."

N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé nọ́ńbà ló yí i lọ́kàn padà. Ó lè jẹ́ pé àríyànjiyàn ti sú òun náà. Mo ti ríṣẹ́ olùkọ́ báyìí, ó ṣì ń rẹ̀ mí. Àbúrò mi wà ní ọdún kẹrin ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Kemta. Bó bá wálé ìsinmi, kí Baba tó jẹ́ kí ó dìde lórí ìkúnlẹ̀, á bi í pé, "Ṣé o ti rí i?"

"Ó kù, Baba."

"Padà lọ nígbà náà."

Láti ọdún kejì ni àbúrò mi ti mọ̀ pé bí a bá pín àádọ́ta ọ̀kẹ́ sọ́nà méje, ẹyọ kan á ṣẹ́kù. Èmi ló sọ fún. Kò tíì sọ fún Baba, èmi náà kò sì ní sọ.