Jíìnì Tí Mo Mu Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gba Kànga Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin ará, ẹ súnmọ́ ìhín kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Port Harcourt. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti ń rẹ́rìn-ín báyìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mo dà bí ewúrẹ́ tó rí ọ̀bẹ!

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Kí ogun tó dé ni mo ti ra ilẹ̀ kékeré kan ní Rumuigbo lọ́wọ́ ìdílé Papa Amadi, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, mo kọ́lé sí i, mo sì gbẹ́ kànga. Nígbà tí mo sá lọ sílé nílẹ̀ Yorùbá, Papa ló bá mi ṣọ́ ọ. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, mo bá ilé àti kànga mi láyè wọn. Kànga yẹn ni ọrọ̀ mi o! Omi rẹ̀ là ń mu, òun ni ìyàwó mi, Ìyá Bọ́lá, fi ń ṣe ògì tà.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, jíìpù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Jíìpù! Lásìkò yẹn, ta ló ń gbọ́ jíìpù tí kò ní rò pé ṣọ́jà ni? Mo ti fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ, àṣé kọngílá tó ń kọ́ ilé lẹ́yìn wa ni. Ó kí mi dáadáa, ó gbé ìgò jíìnì kalẹ̀, ó ní kí n yọ̀ǹda ọ̀nà nínú ilẹ̀ mi, kí páìpù omi lè gbabẹ̀ dé àwọn ilé òun. "Oga, na small road we dey find."

Kí ni mo fèsì? Mi ò fèsì! Ẹni tó tọrọ ọ̀nà lónìí, ṣé kò ní tọrọ ilẹ̀ lọ́la? Bí mo bá sì kọ̀, ta ni mo mọ̀ tó wà lẹ́yìn ẹni tó ń gun jíìpù? Kó má baà rí i pé ẹ̀rù ń bà mí, mo ṣí ìgò, mo bu kọ́ọ̀bù kan, mo dà á sọ́fun. Nílé wa, ta ló ń kọ ọtí àlejò? Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó lọ.

Ìyá Bọ́lá yọjú láti ilé ìdáná. "Bàbá Bọ́lá, kí lẹ sọ fún un?"

Mo ní mi ò sọ nǹkan kan.

"Ẹ ò sọ nǹkan kan, ẹ wá ń mutí ẹ̀?"

Mo ní kó lọ sẹ́ ògì rẹ̀.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, àwọn lébìrà dé. Wọ́n kan èèkàn mọ́lẹ̀ láàrin ilé ìdáná àti kànga. Bí wọ́n bá gbẹ́ ibẹ̀, kànga á wó! Mo pariwo pé mi ò gbà. Olórí wọn wò mí tàánú-tàánú. "Oga, but you don drink am."

Mo sáré tọ Papa Amadi lọ. Àgbàlagbà náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, ẹni tó bá mu ọtí tí wọ́n fi tọrọ ilẹ̀, ó ti gbà nìyẹn. Ó wá bèèrè ẹni tó bá mi mu ún. Mo ní èmi nìkan. Ìyàwó mi ńkọ́? Rárá o, inú ń bí i. Ẹnikẹ́ni nínú ìdílé tó ta ilẹ̀ fún mi ńkọ́? Rárá.

Papa ní ọtí ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá mu láìsí ẹlẹ́rìí. "Ah, Yoruba man! You no drink am like landlord. Na thirsty man drink am!"

Ó tẹ̀lé mi wálé, ó ránṣẹ́ pe kọngílá. Ọkùnrin náà ò lè kọ̀, ilẹ̀ ìdílé Papa ló ń kọ́lé lé. Ìyá Bọ́lá fa ìyókù jíìnì náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Papa dá ìgò padà sọ́wọ́ kọngílá, ó ní kó tọrọ lákọ̀tun, lójú gbogbo wa. Lọ́tẹ̀ yìí, mo lanu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn mi dà bíi ti òròmọdìẹ. Mo ní kí páìpù gba ẹ̀bá ọgbà, kí wọ́n má fọwọ́ kan kànga, kí ilẹ̀ sì jẹ́ tèmi síbẹ̀. Ìyá Bọ́lá fi kún un pé kí wọ́n fa ẹ̀rọ omi kan síwájú ilé wa. Kọngílá gbà.

Papa bu ọtí, ó nà án sí mi. Ṣé ẹ mọ̀ pé mi ò lè gbà á? Ẹ̀rù ọtí ló wá ń bà mí! Papa ní, "Drink am now!"

Ìyá Bọ́lá gba kọ́ọ̀bù náà, ó tọ́ ọ wò. Ó ní, "Ẹ mu ún. A ti sọ̀rọ̀ báyìí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ojo bá dákẹ́, ẹlòmíràn ni yóò bá a fèsì. Ẹ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbé nǹkan mì, ẹ sì bi àwọn onílẹ̀ léèrè bí wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀. Ní tèmi, àlùfáà wa gbé mínírà wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí mínírà náà wá tọrọ!

Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni ẹ̀rù ti mú kí ẹ gbé mì rí? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́, kó má jẹ́ èmi nìkan la ó máa fi rẹ́rìn-ín.