Ìkúnlẹ̀ Kan Lẹ́sẹ̀ Àpáta

Òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ló kọ́kọ́ pàdé wa láàárọ̀ ọjọ́ náà. A ti wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Atlanta dé Sri Lanka, oorun ṣì ń kùn mí. Aunty Kumari, nọ́ọ̀sì tí àwọn àti màámi jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù, ló pè wá síbi ìgbéyàwó àbúrò wọn. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ padà sílé wa ní Lilburn, lẹ́bàá Atlanta, láìrí àwọn ère tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà gbẹ́ sára àpáta láyé àtijọ́.

Ọkàn màámi ò balẹ̀. Wọ́n ti ṣèlérí fún pásítọ̀ wa pé a ò ní tẹríba fún ère kankan. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún mi: "Ìran la wá wò o. Look, don't bow. Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́. Ṣùgbọ́n màámi yìí kan náà ló ti kọ́ mi láti kékeré pé, "Níbikíbi tí o bá ti rí àgbà, kúnlẹ̀." Mo ti kúnlẹ̀ rí lórí ọ̀dà títì gbígbóná níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa, eékún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

A bọ́ bàtà, a ń rìn lórí iyanrìn tútù. Àpáta náà dúdú, ó ga, omi òjò ṣì ń ṣàn lára rẹ̀. Ère Búdà dúró láàárín, ọ̀dà funfun àtijọ́ ṣì wà lára rẹ̀, àwọn ère yòókù wà lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀rù ò bà mí rárá. Obìnrin arúgbó kékeré kan, aláṣọ funfun, jókòó sẹ́sẹ̀ ère náà. Aunty Kumari rọra sọ fún mi pé ìyá àwọn nìyẹn. Mo sáré síwájú, mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà."

Màámi ń bọ̀ lẹ́yìn, wọn ò rí arúgbó náà. Èmi àti Búdà ni wọ́n rí. "Jésù! Tolú, get up! Dìde!"

Wọ́n sáré dé, wọ́n fà mí lápá. Ìgbà náà ni wọ́n rí ìyá arúgbó, tó ti gbé ọwọ́ lé mi lórí, tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ti kúrò lójú Aunty Kumari ní tiwọn. Màámi wo àpáta, wọ́n wo ọ̀rẹ́ wọn. Wọ́n sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ojú wọn má baà kọ ère náà tààrà, wọ́n wá kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, wọ́n sì kí ìyá.

Lọ́sàn-án, a lọ wo omi tó ń já láti orí òkè nítòsí ibẹ̀. Ó ń fọ́n sí wa lójú. Màámi nu ojú, wọ́n ní, "Mama la kí o. Mama nìkan." Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ tàbí pásítọ̀.

Mo ti dàgbà, Ellenwood, lẹ́bàá Atlanta náà, ni mò ń gbé báyìí. Bí mo bá pàdé àgbà Yorùbá kan ní ilé ìtajà, mo máa ń kọ́kọ́ wò yíká bóyá àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wà nítòsí. Èmi ọmọdé ọjọ́ náà ò wo ohun tó wà lẹ́yìn ẹni tó ń kí. Nígbà tí èmi bá fi máa wò yíká tán, àgbà náà á ti kọjá lọ, eékún mi á sì wà ní nínà.