Aago Inú Jíìpù Nọ́ọ̀sì

Ṣííí ni ìró náà ń jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ìgbà tí omi bá ta sínú agbada gbígbóná. Èmi ń gbọ́ ọ kedere níbi tí mo jókòó sí lórí táyà. Bàbá mi àgbà kò gbọ́ ọ. Wọ́n tẹ orí ba ẹ́ńjìnnì jíìpù àtijọ́ náà, òógùn ń kán ní imú wọn, wọ́n ń fi sukurudíráfà yí kábúrétọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á sáré lọ wo aago kékeré, èyí tó ń wọn mímí ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dè mọ́ iwájú ìjókòó awakọ̀, wọ́n á tún padà wá yí i. Ọwọ́ aago ò gòkè. "Kí ló dé? Kí ni mo ṣe sí ọ?" Ohùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹkún.

Bàbá ìyá mi ni wọ́n. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, lábẹ́ igi máńgòrò kan tí epo dúdú ti mu ìdí rẹ̀ yó. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, mo wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wọn. Etí ni wọ́n fi lókìkí nídìí iṣẹ́ mẹkáníìkì. Kí ọkọ̀ tó yà kúrò lójú títì ni wọ́n á ti ní, "Púlọ́ọ̀gì kan ti kú nínú ìyẹn." Wọ́n á fi ẹnu sukurudíráfà gígùn kan ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi èèkù rẹ̀ sí etí, wọ́n á dijú. Ohun tí wọ́n bá sọ lẹ́yìn ìyẹn, abẹ gé e.

Lọ́dún yẹn, eyín ni wọ́n fi ń gé èèkù náà mú. Mo rò pé àwàdà ni. Àwọn aládùúgbò á kọjá, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," Bàbá ò ní dáhùn, àwọn yẹn á sì máa kùn lọ pé ìgbéraga ti wọ bàbá yìí. Bàbá tó jẹ́ pé ewúrẹ́ nìkan ni wọn kì í kí! Tí àkókò ìrun bá tó, mọ́ṣáláṣí òdìkejì títì ni wọ́n máa ń wò, bí ẹni pé ìpè ìrun ò dún. Ìgbà tí wọ́n bá rí àwọn tó gbé kẹ́tùlù àlùwàlá ni wọ́n á tó nu ọwọ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo rí, n ò sì rò ó já.

Nọ́ọ̀sì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ni jíìpù náà. Ó ń gbé e lọ sí àwọn abúlé ẹ̀gbẹ́ Ìrẹsà láti wo àwọn aboyún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá ti tún un ṣe, ẹ̀ẹ̀mejì ló tún bàjẹ́. Ó ń mu epo bí ẹni mu omi, ó sì ń kú lójú òkè. Nígbà tó gbé e dé lẹ́ẹ̀kẹta, ó kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, àmọ́ ojú rẹ̀ le koko. "Bàbá, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ lánàá pẹ̀lú obìnrin tó ń rọbí nínú rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá. Tó bá tún ṣe é, màá gbé e fún ẹlòmíràn o, ẹ má bínú." Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. "A dúpẹ́, ọmọ mi. Ilé ńkọ́?" Nọ́ọ̀sì wò mí. Èmi ń wo ilẹ̀, ojú ń tì mí.

Aago náà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tú ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n ti rà á. "Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́ ni yóò máa fi hàn wá," ni wọ́n sọ fún mi. "Tó bá ń fà á dáadáa, ọwọ́ aago á gòkè, á dúró jẹ́ẹ́. Tí nǹkan bá ń ṣe é, á wálẹ̀ tàbí kó máa gbọ̀n." Wọ́n lu ihò sára irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ awakọ̀, wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá níbẹ̀, wọ́n so orí kan mọ́ ẹ̀yìn aago, wọ́n so èkejì mọ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Mo fẹ́ràn láti máa wo ọwọ́ wọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni.

Ibi ìsopọ̀ kejì yẹn ló wá ń dún ṣííí. Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé, Bàbá sì rò pé kábúrétọ̀ ni. Mo pariwo pé, "Bàbá, ibí ló ti ń dún!" Wọn ò gbójú sókè. Mo tún pè wọ́n. Haa! Bàbá ò gbọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi eyín gbọ́ ẹ́ńjìnnì.

N ò pariwo mọ́. Mo lọ di ìka wọn mú, mo gbé e lé ibi tí rọ́bà náà ti ń mí. Ẹ́ńjìnnì fa ìka náà mọ́ra, ìró náà sì dákẹ́. Mo sáré lọ wo aago, mo gbé ọwọ́ mi sókè fún wọn láti ẹnu ilẹ̀kùn: ó ti gòkè!

Wọ́n pa ọkọ̀, wọ́n jókòó sórí táyà. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni," ni wọ́n wí. "Mẹkáníìkì tó ti di adití, ta ni yóò gbé ọkọ̀ wá fún un? Iṣẹ́ yìí nìkan ni mo mọ̀." Mo fi ẹnu kan etí wọn, mo sọ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì fún wọn, ti obìnrin tó ń rọbí. Wọn ò tíì gbọ́ ọ rí. "Ọlọ́hun Ọba o," ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì fi ọwọ́ elépo bo ojú. Mo bú sẹ́kún.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, ìdè rọ́bà ti le, Bàbá ti fi ojú wo aago yí kábúrétọ̀ débi tó yẹ, ọwọ́ aago dúró jẹ́ẹ́. Ó gbé jíìpù náà gun òkè lọ, ó gbé e bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá ì bá dákẹ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, etí mi ti lọ. Etí tí kò gbọ́ràn ni mo fi tún un ṣe fún ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìtìjú ni ò jẹ́ kí n sọ. Forí jì mí." Nọ́ọ̀sì sún mọ́ wọn, ó ní, "Ọ̀dọ̀ yín náà ni màá máa gbé e wá, sà." Ó sì ń gbé e wá. Àwọn oníbàárà kan sá lọ o, n ò ní parọ́.

Ó ti pẹ́ tí Bàbá ti lọ. Aránṣọ ni mí báyìí, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́dún tó kọjá, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, mo ń fi í pamọ́. Mo gé bùbá obìnrin kan bà jẹ́, mo ní aṣọ rẹ̀ ni kò dára, ó sì gbà á bẹ́ẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Èmi! Mo sáré tẹ̀ lé e dé ìta. "Ojú mi ni, ìyá. Aṣọ yín ò ṣe nǹkan kan." Ẹ̀rù bà mí pé kò ní gbé aṣọ wá fún mi mọ́. Áà, Bàbá mi, ṣé bí ẹ̀rù ṣe bà yín tó nìyí, tí ẹ sì sọ ọ́?