Tàjù Tó Ń Sín Gbogbo Ayé Jẹ

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, tí à ń gbé ní Ghulail nílùú Jídà ní ilẹ̀ Lárúbáwá, ohun tó máa ń bí àwọn ọmọ yòókù nínú ni èmi máa ń retí: kí wọ́n dá eré dúró lórí tẹlifíṣọ̀n nítorí ìrun. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ dàgbà lọ́hùn-ún á rántí. Eré àwọn ará Íjíbítì á ti dé ibi tó gbóná, ọkọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ìyàwó òun ti kó ẹrù lọ, àfi kí ìpè ìrun bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á yọ eré kúrò, wọ́n á gbé àwòrán Káábà síbẹ̀. Bí a bá ti kírun tán, ẹ̀gbọ́n mi Tàjù á dìde láàárín yàrá, á sì ṣe ìyókù eré náà fún wa. Á ṣe ọkọ, á ṣe ìyàwó, á ṣe ìyá ọkọ tó ń fi etí ìborùn nu ojú. Nígbà tí eré gidi bá fi máa padà dé, tiwọn kì í dùn tó tiẹ̀ mọ́.

Díẹ̀ ló fi jù mí lọ, abọ́ kan náà la sì jọ ń jẹun. Àwa méjèèjì ni wọ́n máa ń rán lọ ra tàmíìsì láàárọ̀, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ńlá tí wọ́n ń yọ gbígbóná láti inú ààrò. A ó ti jẹ etí rẹ̀ yíká kí a tó délé. Ìyá wa á gbé e sókè, á wò ó, á ní ṣé àwọn tó ń ta búrẹ́dì ti ń sin eku ni. Lẹ́yìn náà á bu ẹ̀wà fùúlù sínú abọ́, á ta òróró sí i, a ó sì máa jìjàdù rẹ̀ bí ẹni tí kò tíì jẹ nǹkan kan.

Bàbá wa, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àlàájì, ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Àwọn òbí rẹ̀ ló gbé e wá sí Háájì ní kékeré, tí wọn kò sì padà sílé mọ́. Nítorí náà ló ṣe le koko lórí ọ̀rọ̀ èdè. Ó ní Lárúbáwá wà fún ìta, Yorùbá wà fún inú ilé, ẹni tó bá sì fi Lárúbáwá dá ìyá wa lóhùn, ẹ̀wà ni yóò bó. Ìyá wa ń dín àkàrà tà, ẹ̀wà kì í sì tán nílé wa. Èmi bó ẹ̀wà títí ọwọ́ mi fi hunjọ bí ọwọ́ arúgbó, ṣùgbọ́n ti Tàjù ju tèmi lọ fíìfíì. Mo rò pé ńṣe ló ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ̀. Nídìí ẹ̀wà yẹn ló ti ń gbọ́ ohùn àwọn oníbàárà tó jókòó ti agbada, tí wọ́n ń dúró de àkàrà gbígbóná. Ará Ìjẹ̀bú ń bẹ níbẹ̀, ará Èkìtì ń bẹ níbẹ̀, ará Ìlọrin kò sì wọ́n. Tàjù kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Nàìjíríà rí, ṣùgbọ́n tó bá yí ohùn sí ti Ìjẹ̀bú, àwọn Ìjẹ̀bú fúnra wọn á bi í pé ọmọ agbolé wo ni.

Bí Háájì bá ti ń sún mọ́lé, ìyá wa á kó wa lọ sí Mẹ́kà, sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, Bọ̀dá Sàlíù, tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn ní yunifásítì, tó sì gba yàrá kan ní àdúgbò Az-Zahir. Níbẹ̀ ni a ó ti dín àkàrà, tí a ó kó o sínú ike, tí a ó sì gbé e lọ sí àdúgbò Tandabawi, níbi tí àwọn àlàájì àti àlàájà tó wá láti ilé máa ń wọ̀ sí. Mo fẹ́ràn Tandabawi ju ibikíbi lọ láyé. Àwọn òkè olókùúta wà lókè orí, òórùn tùràrí ń jáde láti inú àwọn ṣọ́ọ̀bù, gbogbo èdè ayé sì ń dún ní ojú pópó kan.

Ní ọdún kan, a bá ìyá arúgbó kan tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù aláṣọ. Ìsẹ́yìn ló ti wá, ó sì ti ṣìnà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ wá láti àná ọjọ́ náà. Ìyá wa fi àkàrà lọ̀ ọ́, kò gbà. A fún un ní omi Sámúsámù, ó fi ọwọ́ tì í.

Ó ń tún un sọ ṣáá pé, “Ẹ bá mi pe Jímọ̀ ọmọ mi. N kò ní í fi nǹkan kan kan ẹnu àfi tí mo bá rí Jímọ̀.”

Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ojú rẹ̀ sì ti wọnú. Ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ibẹ̀ ni Tàjù ti gbé ike àkàrà sílẹ̀. Ó lóṣòó síwájú ìyá náà, ó fa ohùn bí ọmọ Ìsẹ́yìn gan-an, ó ní, “Ìyá mi, èmi rèé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹun.”

Ìyá náà fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní, “Jímọ̀, o mà rù o.”

“Oòrùn ibí ni, ìyá.”

Ó jẹ àkàrà, ó mu omi. Bó ti ń jẹ ló ń bá Tàjù wí pé kì í wá kí òun, pé orí òrùlé yàrá òun ti ń jò, pé ìyàwó rẹ̀ kò mọ ẹ̀yìn ọbẹ̀. Tàjù ń bẹ̀bẹ̀, ó ń ní kó má bínú, ó ní òun ó kan òrùlé náà. Ó jókòó tì í títí a fi kírun Àsárì, kí olórí ikọ̀ wọn tó wá a kàn. Ọkùnrin yẹn ló pe ìyá wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó sọ fún un pé Jímọ̀ ti kú kí wọ́n tó kúrò nílé. Bí wọ́n ṣe ń mú ìyá náà lọ, ńṣe ló ń bojú wẹ̀yìn, tó ń kígbe sí Tàjù pé kó máa jẹun dáadáa.

Bàbá wa dé láti Jídà lọ́jọ́ kejì, ó sì gbọ́. N kò rí i kí inú bí i tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní, “Ní Mẹ́kà níbí, Tàjù! O fi ara rẹ ṣe òkú ọmọ ọlọ́mọ!” Ó ní kó kúnlẹ̀, kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kó kọjú sí ògiri. Bọ̀dá Sàlíù ń bẹ̀ ẹ́ pé ṣebí ìyá náà jẹun, pé láti àná rẹ̀ ni kò ti jẹ nǹkan kan. Bàbá wa ní irọ́ ló jẹ, kì í ṣe àkàrà. Tàjù sunkún lọ́jọ́ náà, ẹkún ara rẹ̀ ni, kò sín ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n mo rí Bọ̀dá Sàlíù tó ń wò ó bí ẹni tó rí ohun tí kò mọ̀ pé ó wà nínú ilé.

Lẹ́yìn tí Bọ̀dá Sàlíù kàwé tán, ó lọ sí Kánádà. Nígbà tó yá, Tàjù náà dàgbà tó ẹni tí ìkámà bàbá wa, ìyẹn ìwé ìgbélùú wa, kò lè gbé mọ́. Bọ̀dá Sàlíù ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, kó wá kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Inú bàbá wa dùn. Ní pápákọ̀ òfuurufú, Tàjù sín ọlọ́pàá tó ń yẹ ìwé wò jẹ, pẹ̀lú irunmú àti ikùn rẹ̀, èmi sì rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀rín ni mo fi sin ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti dákẹ́, kí n wò ó dáadáa.

Kò kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ó ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ, ó sì ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní eré ṣíṣe. Ìgbà tí a máa kọ́kọ́ rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, awakọ̀ takisí ni, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Lẹ́yìn náà ó di nọ́ọ̀sì, ó di agbẹjọ́rò, ó di dókítà nínú eré kan tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún. Orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀ kì í ṣe Tàjù mọ́. Nínú fíìmù kan tó ṣe, ó jẹ́ baba àgbàlagbà tó kúrò nílùú rẹ̀. Bó ti wú ikọ́ kí ó tó sọ̀rọ̀ báyìí, mo fò dìde, nítorí ikọ́ bàbá wa ni.

Bàbá wa kò wo ìkankan nínú wọn. Àwọn èèyàn ní àwọn rí Tàjù tó kú nínú eré, tó tún jí nínú òmíràn. Bàbá wa ní kó má fẹsẹ̀ kan ilé òun títí yóò fi rí iṣẹ́ gidi ṣe. Tàjù náà lórí kunkun, ó sì dúró sọ́hùn-ún. Nígbà tí bàbá wa kú, àárọ̀ ló kú, a sì ti sin ín kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, bí ẹ̀sìn ṣe ní ká ṣe. Tàjù kò tíì rí ọkọ̀ òfuurufú wọ̀. Láti ìgbà náà ni ìtìjú ti dè é mọ́lẹ̀. Ọdọọdún ló ń sọ pé ọdún tó ń bọ̀ ni òun ń bọ̀, ìyá wa sì ń dúró dè é. Kò sí ohun mìíràn tó ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ju kó tún fojú kan ọmọ rẹ̀ lọ.

Àárò rẹ̀ ń sọ èmi náà. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Wọ́n ti wó apá tó pọ̀ nínú Ghulail, àwọn ọmọ mi sì ń wo ohun tó bá wù wọ́n lórí fóònù nígbà tó bá wù wọ́n. Mo lè rí ojú ẹ̀gbọ́n mi nígbàkúùgbà tí mo bá fẹ́, ṣùgbọ́n ojú ẹlòmíràn ló máa ń jẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ó pe ìyá wa lórí fídíò bó ti máa ń ṣe. Ara ìyá wa kò yá rárá, ó ti pẹ́ tí kò ti lè dá dìde, ó sì ti bú mi pé n kò gbọdọ̀ sọ fún Tàjù. Ó ní kí n gbé òun jókòó, kí n we gèlè fún òun, kí n fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn òun kí ó má hàn pé òun kò lè dá jókòó. Ó rẹ́rìn-ín látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Tàjù ní, “Màámi, ọdún tó ń bọ̀ ni mò ń bọ̀, ìn ṣá Allah.”

Ó ní, “Kò burú, ọkọ mi. Má kánjú. Ara mi le koko.”

Nígbà tí fóònù kú, ó wó sẹ́yìn, ó ń mí gúlegúle. Ó bi mí pé, “Ṣé kò fura?” Mo ní kò fura. Ó ní kí n bá òun tú gèlè.

N kò tíì tú u tán tí fóònù fi tún dún. Mo gbé e lọ sí ilé ìdáná. Tàjù ni. Kò kí mi, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bi mí pé, “Ṣé n ó bá a láyé?”

Nígbà èwe wa, tí ìyá wa bá pè é, á ti dúró níwájú rẹ̀ kó tó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Nísinsìnyí, ó di kó tọrọ ààyè lẹ́nu iṣẹ́, kó gba ìwé ìwọ̀lú, kó fò kọjá òkun, kí Ọlọ́run sì dá ẹ̀mí sí. Mo ní kó máa bọ̀.